Bí ike ara alùpùpù bá ń ha taya: Ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ

Ẹ jẹ́ ká ní ọlọ́kadà kan gbé àpò kòkó méjì àti ẹni tó ni ín láti oko wọ Ìpotì-Èkìtì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ní gbogbo ìgbà tó bá bọ́ sínú kòtò, ó ń gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ìjókòó: ṣàà, ṣàà. Kò dúró, nítorí owó ọjọ́ ló ń lé. Nígbà tó wọ ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí alùpùpù rẹ̀, ó rí i pé taya ẹ̀yìn ló ń ha ike mọ́dígáàdì. Ó yá ọ̀bẹ, ó gé etí ike náà dànù, ohùn dákẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé ó ti tún un ṣe. Kò tún nǹkan kan ṣe. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó ti kú ló mú kí taya máa gòkè ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ike tó gé kúrò ni ó ń dáàbò bo wáyà iná ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ mìíràn tí ẹrù bá tún wúwo, wáyà ni taya yóò bá, iná ẹ̀yìn yóò kú, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní rí ọlọ́kadà náà nínú òkùnkùn.

Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ń gun alùpùpù, ẹ̀yin tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun, àti ẹ̀yin tó ní ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín gùn ún. Ike tó ń ha ń jẹ́ iṣẹ́ kan fún wa ni: nǹkan kan ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ wá nǹkan náà rí, kí ẹ dá a padà sí ipò rẹ̀, ike yóò sì fún taya ní àyè fúnra rẹ̀.

BÍ IKE ṢE DÉ ARA ALÙPÙPÙ

Irin ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara alùpùpù ní ayé àtijọ́. Ní ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan gbé alùpùpù kékeré tí wọ́n pè ní Super Cub jáde, wọ́n sì fi ike ṣe mọ́dígáàdì iwájú rẹ̀ àti asà tó ń gba ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń gùn ún. Ike fúyẹ́, kì í dípẹtà, owó rẹ̀ kò sì tó ti irin.

Àwọn alùpùpù tí wọ́n fi ń sáré ìdíje ní Yúróòpù ti ń wọ ẹ̀wù tó bò wọ́n ṣáájú ìgbà náà kí afẹ́fẹ́ má bàa dá wọn dúró. Àwọn kan tilẹ̀ bo gbogbo taya iwájú mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ a máa taari irú wọn kúrò lójú ọ̀nà, àjọ FIM tó ń ṣàkóso eré ìdíje alùpùpù lágbàáyé sì fòfin dè wọ́n láti ọdún 1958. Nígbà tó di ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ BMW ti Jámánì gbé R100RS jáde, alùpùpù títà tó ti wọ ẹ̀wù kíkún láti ilé-iṣẹ́ wá.

Irú ẹ̀wù kíkún bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Bajaj Boxer àti TVS láti Íńdíà, Jincheng àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ṣáínà, ni ojú wa mọ̀ jù. Ohun tó wà lára wọn ni mọ́dígáàdì méjèèjì, kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, ike ojú iná iwájú, àti ike ìdí ìjókòó. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló de ẹ̀wù kíkún àti mọ́dígáàdì lásán: ike kì í gbé ara rẹ̀ dúró. Irin ló gbé e, bóòtù ló dì í mú, rọ́bà ló ń gba ìjìn rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ike yóò yẹ̀.

Àwọn ọ̀nà wa kò sì fi ike lára sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ná ojú ọ̀nà oko ní agbègbè Ìpotì, Ìjerò àti Ìkọ̀rọ̀ mọ ẹrẹ̀ pupa tó máa ń lẹ̀ bí àtè nígbà òjò. Ẹni tó bá ń gun òkè, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láàárín Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ náà mọ bí ìwọ̀n ẹrù ṣe ń ti síwájú tó sì ń ti sẹ́yìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, kòkó, àti ènìyàn méjì lẹ́yìn ọlọ́kadà: gbogbo rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì ń gbé.

Ẹ KỌ́KỌ́ FI ETÍ ṢÈWÁDÌÍ

Kí ẹ tó tú bóòtù kankan, ẹ fetí sí ohùn náà dáadáa, nítorí ìgbà tó bá ń dún ni yóò sọ ibi tí àìsàn wà.

Bí ó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí taya kọ̀ọ̀kan, tí ó ń yára bí ẹ ṣe ń yára, ara taya fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ríìmù lè ti wọ́, sípóòkù lè ti dẹ̀, tàbí kí taya wú lójú kan.

Bí ó bá ń dún láìdáwọ́ dúró láti ìgbà tí alùpùpù bá ti gbéra, mọ́dígáàdì tàbí irin tó gbé e ló ti sún, tàbí kí taya má jókòó sí àárín mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé inú kòtò nìkan, tàbí ìgbà tí ẹ bá gbé ẹrù nìkan ló ń dún, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì àti bí taya ṣe tóbi tó.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá yí hándù nìkan ni, ẹ wo ike ojú iná, wáyà, àti okùn bíréèkì tó gba iwájú kọjá.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá dé ìwọ̀n eré kan nìkan ni ike ń gbọ̀n tó ń pariwo, rọ́bà ìdí rẹ̀ ló ti jábọ́, tàbí bóòtù kan ti dẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ojú wò ó. Ibi tí ike bá ti ń dán gbinrin láàárín eruku, ibẹ̀ ni ó ti ń ha. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ nu ibẹ̀ mọ́ gbẹ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, ẹfun, tàbí ìyẹ̀fun kùn ún, kí ẹ gun alùpùpù náà díẹ̀. Ibi tí funfun bá ti kúrò ni ẹ ń wá.

MỌ́DÍGÁÀDÌ IWÁJÚ: IBI TÍ EWU PỌ̀ JÙ

Taya ẹ̀yìn tí nǹkan há mọ́ lè mú kí alùpùpù yọ̀. Taya iwájú tí nǹkan há mọ́ lójijì máa ń ju ènìyàn láti orí hándù ni. Nítorí náà, bí ariwo bá ti iwájú wá, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó délé ná.

Ẹ gbé alùpùpù sórí ìdúró rẹ̀, kí ẹ gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí taya. Àyè tó wà láàárín taya àti mọ́dígáàdì yẹ kó gba ìka kan ó kéré tán, yíká ibi gbogbo. Bí àyè náà bá pọ̀ lápá ọ̀tún tó sì há lápá òsì, ẹ má tíì fọwọ́ kan ike. Ẹ dúró síwájú alùpùpù, kí ẹ di taya mú láàárín orúnkún yín, kí ẹ sì wo hándù. Bí taya bá kọjú síwájú tí hándù kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, fóòkì ló ti yí nínú ohun tó dì í mú. Irú èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Mẹkáníìkì yóò dẹ àwọn bóòtù tó di fóòkì mú, yóò yí i padà títí yóò fi tọ́, yóò sì tún un dè. Ṣùgbọ́n bí irin fóòkì fúnra rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná yọ́ ọ láti tọ́ ọ, nítorí irin tí iná ti rọ̀ lè tẹ̀ padà tàbí kó ṣẹ́ lórí eré.

Bí fóòkì bá tọ́, ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó so mọ́dígáàdì mọ́ fóòkì. Ó lè ti tẹ̀, ó sì lè ti sán níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ tú ike kúrò kí ẹ tó tọ́ irin náà tàbí kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná yóò ba ike jẹ́.

Nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa ni ọ̀tá mọ́dígáàdì iwájú. Ó máa ń kó sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó máa ń gbẹ, ó sì máa ń le bí ìkòkò. Ẹni tó bá gbé alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lálẹ́ lè bá a ní òwúrọ̀ tí taya kò yí mọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti omi korobá kan ní alaalẹ́ ti tó. Ẹ má fi irin ṣóńṣó hú u, kí ẹ má bàa gún taya.

MỌ́DÍGÁÀDÌ Ẹ̀YÌN: ẸRÙ, ṢỌ́Ọ̀KÌ ÀTI TAYA

Mẹ́ta ni ohun tó máa ń fa èyí jù lọ, ó sì yẹ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Bí epo bá tutù lára rẹ̀, ó ti ń jò. Ẹ tẹ ìdí alùpùpù mọ́lẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá ń fò sókè-sódò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, agbára rẹ̀ ti tán. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, nítorí bí tuntun bá wà lápá kan tí ogbó wà lápá kejì, ìdí alùpùpù yóò máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí wọ́n bá ṣì dára, ọ̀pọ̀ wọn ní àtẹ̀gùn kéékèèké nísàlẹ̀ sípíríǹgì tí a lè fi yí i le sí i fún ẹrù. Àtẹ̀gùn kan náà ni kí ọ̀tún àti òsì wà.

Èkejì ni taya. Lára Boxer kékeré, 2.75-17 ni taya iwájú, 3.00-17 sì ni ti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ìbú taya ní íǹṣì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà máa ń fẹ́ taya tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ẹrù. Bí ẹ bá mú 3.00 kúrò tí ẹ fi 3.50 sí i, ìbú rẹ̀ yóò fi ìdajì íǹṣì pọ̀ sí i, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 13, orí rẹ̀ yóò sì sún mọ́ mọ́dígáàdì ní nǹkan bí iye kan náà. Ìka kan tí a ní kí ó wà láàárín wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn, kí ẹrù tó gorí rẹ̀. Ẹ dá taya tó bá alùpùpù mu padà. Kò sí bí ẹ ṣe lè gé ike tó tí yóò fi sọ taya ńlá di kékeré.

Ẹ̀kẹta ni bí taya ṣe jókòó. Nígbà tí a bá fa ṣéènì le, àwọn ilà kéékèèké wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì tó gbé taya ẹ̀yìn. Iye ilà kan náà ló gbọ́dọ̀ hàn lápá méjèèjì. Bí mẹ́rin bá wà lápá kan tí mẹ́ta wà lápá kejì, taya yóò dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa ha ike tàbí irin ẹ̀gbẹ́ kan, ṣéènì yóò sì máa ha ilé rẹ̀. Ṣéènì náà kò gbọdọ̀ le gan-an: bí ẹ bá fi ìka gbé e sókè láàárín, ó yẹ kó ní ìgbéra tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ìwé tó bá alùpùpù wá ni kí ẹ tẹ̀ lé bí iye tirẹ̀ bá yàtọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì tó sanra jókòó sórí rẹ̀, kí ẹnì kẹta sì bẹ̀rẹ̀ wo àyè tó kù. Ìdánwò tí a bá ṣe láìsí ẹrù kò lè jẹ́rìí fún alùpùpù tí yóò gbé ẹrù.

KỌ́FÀ Ẹ̀GBẸ́, OJÚ INÁ, ÀTI WÁYÀ TÓ FARA SIN

Kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ní ọmọ kéékèèké lẹ́yìn tó máa ń wọ inú ihò rọ́bà lára irin. Bí rọ́bà náà bá gbó, yóò le, yóò sì jábọ́. Àwọn kan á wá fi wáyà dì í tàbí kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni ike yóò ti máa gbọ̀n lára irin, yóò máa jẹ ọ̀dà rẹ̀ kúrò, yóò sì máa jẹ ara wáyà tó bá sùn sáàárín wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí nìyí. Abẹ́ kọ́fà ni bátìrì àti fíúsì sábà máa ń wà, táǹkì epo kò sì jìnnà síbẹ̀. Wáyà tí ara rẹ̀ ti bó bá kan irin, fíúsì yóò jó. Ẹni tó bá yọ fíúsì tó jó tó fi wáyà lásán dípò rẹ̀ ti lé ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí olè ṣì wà nínú ilé. Ìgbà mìíràn tí wáyà bá tún kan irin, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò gbóná títí yóò fi gbiná.

Ẹ ra rọ́bà tó yẹ ẹ́. Bí kò bá sí, ẹ gé túùbù ògbólógbòó, kí ẹ ká a mọ́ ọmọ ike náà kó lè wọlé dáadáa. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yọ́ ọ wọlé. Epo bẹntiróòlù àti epo ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí rọ́bà wú kó sì rà. Wáyà tó bá ti bó díẹ̀, ẹ fi téèpù iná wé e, kí ẹ gbé e gba ibi tí ike kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti ojú iná, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má fọwọ́ kan iná eré rẹ̀ rárá, kí ẹ wá yí hándù lọ sápá ọ̀tún pátápátá àti sápá òsì pátápátá. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè bí ẹ ṣe ń yí i, okùn eré ń há mọ́ ike tàbí ó ń fà. Alùpùpù bẹ́ẹ̀ lè sáré fúnra rẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ yà. Ẹ tú ike náà, kí ẹ gbé okùn gba ọ̀nà rẹ̀ padà, kí ẹ tó jáde nílé.

BÍ A ṢE Ń DE IKE PADÀ

Òwe wa sọ pé ìka tó bá tọ́ símú ni a fi ń romú. Bóòtù tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ yóò yọrí sódì kejì, yóò sì bá taya tàbí wáyà. Èyí tó kúrú yóò jábọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń tú u, ẹ máa to bóòtù kọ̀ọ̀kan sórí páálí bí wọ́n ṣe wà lára alùpùpù.

Bí ẹ bá fẹ́ dè é padà, ẹ fi ọwọ́ lásán ti gbogbo bóòtù wọlé díẹ̀díẹ̀ ná. Ẹ má de ẹyọ kan le kí àwọn yòókù tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí ihò tó kù kì í fi í bára mu mọ́, tí àwọn kan á sì wá fi agbára fà á. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé, ẹ wo àyè tó wà yíká, ẹ sún ike sí ibi tó yẹ, kí ẹ wá de wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárín bọ̀ sí etí.

Sípáná 10 ni ọ̀pọ̀ bóòtù ike ń lò. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe agbára èjìká. Ó yẹ kí rọ́bà àti òrùka irin kékeré wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí bóòtù má bàa fún ike pa, kí wáṣà fífẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ike tí a fún pa kì í fọ́ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń sán láti ihò bóòtù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ìjìn bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ayédèrú ike tí ihò rẹ̀ kò bára mu, ẹ fi fáìlì roboto fa ihò náà gùn díẹ̀, kí wáṣà fífẹ̀ sì bò ó. Bí ike bá ti wọ́ nítorí oòrùn, ẹ tì í bọ omi gbígbóná, ẹ tọ́ ọ, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi tutù. Ẹ má gbé e sójú iná. Gígé ni ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Bí ó bá di dandan, ẹ kọ́kọ́ sàmì sí i, ẹ gé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí igun rẹ̀ mú, nítorí igun mímú ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

IKE TÓ TI SÁN

Àwọn àgbà ní igbá tó bá fọ́ ní í gba kásẹ̀ létí. Ike náà gba kásẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lè rí lẹ́tà ABS tàbí PP. Bí kò bá sí, ẹ gé ègé kékeré kan kúrò lára rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi. Èyí tó bá léfòó lè jẹ́ PP, èyí tó bá rì lè jẹ́ ABS.

ABS gba gúlù dáadáa bí ẹ bá fi sáńdípépà ha ojú rẹ̀ kí ẹ sì nu ún mọ́. PP kì í gba ọ̀pọ̀ gúlù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń lẹ mọ́dígáàdì tí yóò tún ya lọ́jọ́ kejì. Rírán ni ẹ ó rán an, bí a ti ń rán igbá: ẹ lu ihò kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n pọ̀, kí ẹ tẹ orí wáyà náà mọ́ ẹ̀yìn tí kò kọjú sí taya. Irúfẹ́ èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ kọ́kọ́ lu ihò kékeré kan sí òpin ibi tó sán dé. Ihò roboto náà ni kò ní jẹ́ kí ó sán síwájú mọ́.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ TÚN GÙN ÚN

Bí mọ́dígáàdì iwájú bá ti kan taya, bí fóòkì bá ti tẹ̀, bí okùn bíréèkì bá ti ń há, tàbí bí ẹ bá gbóòórùn wáyà tó ń jó, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì máa tì í. Bí ẹ bá fẹ́ yọ mọ́dígáàdì tó ti fọ́ kúrò, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ìdajì tí bóòtù kan ṣoṣo dì mú sílẹ̀ lókè taya.

A mọ̀ pé owó ọjọ́ kan kì í ṣe kékeré fún ọlọ́kadà tó gbọ́dọ̀ san owó fún ẹni tó ni alùpùpù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tó ni alùpùpù, ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin tó wá sọ fún yín pé nǹkan ń ha ní ìdajì ọjọ́ láti tún un ṣe láìsan owó. Rọ́bà, wáṣà àti bóòtù tó yẹ ẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó fóòkì tuntun, kò sì sí ọjà tí a ti ń ra ẹsẹ̀ ènìyàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ẹ bá gbọ́ ṣàà àkọ́kọ́, ẹ dúró, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó.